Òfin àti Iṣẹ́ Òòjọ́ ní Láfíàjí: Ìtàn Ìdẹ̀rùn Okòwò ní Erékùṣù Èkó láti 1912 sí 2023

1. Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni ipa tí òfin okòwò ti kó nínú bí àwọn ará Èkó ṣe ń rí iṣẹ́ ṣe. Láti ìgbà tí àìríṣẹ́ṣe ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń kígbe lé lórí ní Nàìjíríà, èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn aṣòfin. Èrò náà ni pé bí ìjọba bá dín ìdènà ojú ọ̀nà oníṣòwò kù, okòwò tuntun yóò máa yọjú, èyí tí ó ti wà nílẹ̀ yóò máa gbòòrò, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì ti ibẹ̀ rí iṣẹ́. Èrò yìí ni ó bí òfin kọ́ńpínì tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020. Òun náà ni ó bí òfin ìmú-okòwò-rọrùn tí Ààrẹ náà fọwọ́ sí ní oṣù kejì ọdún 2023.

Láti òkè ni wọ́n sábà máa ń wo irú òfin bẹ́ẹ̀: láti Àbújá, láti ọ́fíìsì báńkì, láti ìjókòó àwọn agbẹjọ́rò. Láti ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ yìí yóò ti wò ó, láti Láfíàjí ní Erékùṣù Èkó, níbi tí ìsọ̀ kékeré àti ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́ ti fara kan ara wọn. Ìbéèrè tí ó fẹ́ dáhùn kò ṣòro láti sọ. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ kan bá gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tí ó fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, kí òun náà lè gba ọmọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ni òfin dúró sí ni, tàbí iwájú rẹ̀ bí ògiri?

2. Láfíàjí àti àwọn oníṣẹ́ rẹ̀

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ ibi tí bàtà ti ń ta oníṣòwò kékeré lẹ́sẹ̀ bí kò bá kọ́kọ́ mọ ibi tí ó dúró sí. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Erékùṣù Èkó pín sí àdúgbò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé àwọn onílẹ̀, níbi tí Ìgà Ìdúngànràn wà. Olówógbowó ni àwọn Sàró tí ó ti Sierra Leone padà wá tẹ̀dó sí. Pópó Àgùdà sì ni ti àwọn tí ó ti Brazil àti Cuba dé. Láfíàjí àti Òkè Súnnà wà ní apá ìlà-oòrùn, lọ́nà Ọbalénde.

Iṣẹ́ ọwọ́ kò ṣàjèjì sí apá yìí. Àwọn Àgùdà tí ó bá Láfíàjí pààlà jẹ́ gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ aṣọ rírán, mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 sì jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn títí di òní. Nípa ìkọ́ṣẹ́ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń ti ìran dé ìran. Òbí yóò mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọn yóò dá iye ọdún, ọmọ yóò sìn, ọ̀gá yóò kọ́ ọ. Nígbà tí àkókò bá pé, wọn yóò ṣe ayẹyẹ òmìnira tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní fíríídọ̀ọ̀mù. Àṣà yìí ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí ó tóbi jùlọ ní ilẹ̀ Yorùbá, láìsí pé ìjọba kan dá a sílẹ̀.

Ọjà náà wà níbẹ̀. Ọjà Sandgrouse wà ní agbègbè Láfíàjí, àwọn olóúnjẹ sì wà ní ojú títì. Nígbà tí àkókò kánífà bá dé, tí Láfíàjí, Campos, Òkè Pópó àti àwọn àdúgbò yòókù bá ń múra láti jáde, àwọn aránṣọ máa ń rí iṣẹ́ tí ó ju agbára wọn lọ. Láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí, iṣẹ́ kì í ti ilé iṣẹ́ ńlá wá. Ẹnì kan ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹnì kejì yóò darapọ̀ mọ́ ọn, ẹnì kẹta yóò sì kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn.

Ohun kan wà tí ó yẹ ní àkíyèsí. Láfíàjí kò jìnnà sí ilé òfin. Pápá ìṣeré ẹṣin tí wọ́n ti gba òmìnira Nàìjíríà ní òru ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, tí ó padà di Gbàgede Tafawa Balewa, kò ju ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ sí i. Ní àyíká pápá náà ni àwọn aṣòfin àpapọ̀ ti jókòó nígbà ìjọba alágbádá kìíní àti ìkejì. Síbẹ̀, ìtòsí ilé kò túmọ̀ sí ìtòsí ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ó tẹ̀lé yìí yóò ti fi hàn.

3. Òfin ayé amúnisìn

Ọdún 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, kò sí òfin kan ní Èkó tí ènìyàn fi lè dá kọ́ńpínì sílẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn kọ́ńpínì ńláńlá tí ń ra epo pupa àti èkùrọ́ ti máa ń forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó wá. Ní 1912 ni òfin kọ́ńpínì kìíní jáde. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1908 ni wọ́n fi ṣe àwòkọ. Lẹ́yìn tí wọ́n so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914, wọ́n mú òfin náà gbòòrò dé gbogbo Nàìjíríà ní 1917, wọ́n sì tún un kọ ní 1922.

Òfin yìí ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, agbẹjọ́rò ni ó lè túmọ̀ rẹ̀, owó agbẹjọ́rò kò sì kéré. Oníṣòwò Èkó tí kò kàwé kò rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ rárá. Ohun tí ó rọ̀ mọ́ ni èsúsú, àjọ, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ìdúró ẹbí. Àwọn ètò wọ̀nyí ní òfin tiwọn: ẹni tí ó bá jẹ owó èsúsú kò ní rí ojú tí yóò fi wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni okòwò Èkó ti pín sí ọ̀nà méjì, èyí tí ìjọba mọ̀ ní orúkọ àti èyí tí ọjà mọ̀ ní ojú.

Nígbà tí ìjọba bá sì yíjú sí okòwò ọ̀nà kejì yìí, láti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí láti dè é ni. Àpẹẹrẹ méjì yóò tó. Ní 1940, ìjọba ṣe òfin pé kí obìnrin Èkó tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ máa san owó orí. Àwọn obìnrin ọjà, tí Àlímọ́tù Pẹ̀lẹ́wúrà ti ọjà Erékò ṣe aṣáájú wọn, fẹsẹ̀ rìn lọ fi ẹ̀hónú hàn ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ìjọba sì gbé ìdíwọ̀n náà sókè sí £200. Ẹja ni Pẹ̀lẹ́wúrà ń tà, kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò: ó mọ̀ pé £200 yóò yọ ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ọlọ́jà kúrò nínú ẹrù náà.

Àpẹẹrẹ kejì wáyé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye owó lé oúnjẹ lórí ní Èkó. Ọ̀gágun A. P. Pullen ni wọ́n fi sídìí ètò náà, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ará Èkó sì fi ń pe ètò náà. Lójú ìjọba, ètò yìí yóò jẹ́ kí oúnjẹ wọ́pọ̀ kí ó sì dínwó. Lójú àwọn tí ń ta gàrí, iye tí wọ́n dá kò tó iye tí àwọn fi rà á àti owó ọkọ̀. Ọjà wá sá kúrò ní gbangba, ó wọ abẹ́ ilé. Àwọn obìnrin ọjà kò sì jáwọ́ títí ìjọba fi tú ètò náà ká ní 1945.

Kí ni ìtàn méjèèjì kọ́ni? Ó kọ́ni pé ìdẹ̀rùn okòwò kì í ṣe èrò tí ó kọ́kọ́ ti òkè òkun wá ní sẹ́ńtúrì kọkànlélógún. Àwọn obìnrin Èkó ti béèrè fún un, wọ́n sì ti gbà á, kí òmìnira tó dé. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé òfin tí kò bá bá ìṣirò ọjà mu kì í pa ọjà náà rẹ́. Ńṣe ni ó máa ń lé e lọ sí ibi tí òfin kò ti lè rí i.

Ọ̀ràn àtúnṣe àárín ìlú tún fi èyí hàn. Ní 1955, àjọ tí ìjọba ti dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò wíwó àwọn ilé ògbólógbòó ní àárín Erékùṣù, wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ ẹbí lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà jáde ní 1961, rí i pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kó lọ pàdánù oníbàárà wọn. Ilé tuntun dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ilé nìkan kọ́ ni òkìtì tí wọ́n wó. Ìdùnmọ́ni ojú mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí ọjà fi ń rìn wó pẹ̀lú rẹ̀.

4. Láti 1968 sí 1998: òfin tí ń dá nǹkan sọ́tọ̀

Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀rọ̀ yí padà. Ohun tí ó ká àwọn aláṣẹ lára ni pé àjèjì ni ó di okòwò ńlá mú. Òfin kọ́ńpínì ti 1968, tí ìjọba ológun Yakubu Gowon ṣe, pàṣẹ pé kọ́ńpínì àjèjì tí ó bá fẹ́ ṣòwò ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ níhìn-ín. Ní 1972, òfin ìgbéga okòwò ọmọ Nàìjíríà ya irú okòwò 22 sọ́tọ̀ fún ọmọ ilẹ̀ yìí nìkan. Ṣíṣe búrẹ́dì, ìfọṣọ àti irun ṣíṣe wà lára wọn. Ní 1977, wọ́n sọ iye náà di 40.

Lójú lásán, ènìyàn lè rò pé òfin yìí ni yóò gbé oníṣẹ́ Láfíàjí dìde, nítorí irú okòwò tí ó yà sọ́tọ̀ gan-an ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ra ìpín nínú okòwò tí àjèjì ń fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní owó lọ́wọ́, tàbí kí báńkì mọ̀ ọ́n. Àwọn díẹ̀ tí ó lówó, tí ó sì súnmọ́ ìjọba, ni ó jèrè jùlọ. Òfin náà pààrọ̀ ẹni tí ó ni okòwò ju bí ó ti ṣẹ̀dá okòwò tuntun lọ. Nígbà tí ìjọba ológun ṣe òfin mìíràn ní 1995 tí ó pa ìyàsọ́tọ̀ náà rẹ́, èrò tí ó gbòde ni pé kí owó àjèjì lè wọlé, kí iṣẹ́ sì bá a wọlé.

Láàárín méjèèjì ni òfin kọ́ńpínì ti 1990 jáde, lábẹ́ ìjọba Ibrahim Babangida. Òun ni ó dá àjọ tí ń bójú tó ọ̀ràn kọ́ńpínì sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CAC. Ó fi lélẹ̀ pé ènìyàn méjì ni ó kéré jù tí ó lè dá kọ́ńpínì sílẹ̀, pé owó ìpín kọ́ńpínì aládàáni kò gbọdọ̀ kéré sí ₦10,000, àti pé agbẹjọ́rò ni yóò búra pé wọ́n ti tẹ̀lé òfin. Nípa orúkọ okòwò, ẹni tí ó bá ń fi kìkì orúkọ ara rẹ̀ ṣòwò kò ní láti forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un lára pátákó, ó ní láti forúkọ náà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 28. Ẹni tí ó bá rìn kọjá láàárín Láfíàjí, tí ó sì ka pátákó ara ṣọ́ọ̀bù, yóò mọ bí iye àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn yóò ti pọ̀ tó.

Ní 1998, òfin kan tún jáde tí ó ṣe pàtàkì fún oníṣòwò kékeré ju bí àwọn òǹkọ̀wé ti fiyè sí i lọ. Òfin náà to owó orí àti owó ìlú lẹ́sẹẹsẹ: mẹ́jọ fún ìjọba àpapọ̀, 11 fún ìpínlẹ̀, 20 fún ìjọba ìbílẹ̀. Owó ìsọ̀, owó ọjà, owó pátákó àti owó ọmọlanke wà nínú ìpín ìjọba ìbílẹ̀. Ó sì kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni dí ojú ọ̀nà láti gba owó orí. Pé ìjọba ní láti ṣe òfin kí wọ́n má baà dí ọ̀nà gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, èyí nìkan tó láti fi mọ ohun tí ojú àwọn oníṣòwò ti rí.

5. Ìdẹ̀rùn: 2016 sí 2023

Ní 2016, ọrọ̀ ajé Nàìjíríà rẹ̀yìn. Nínú ìwé tí Báńkì Àgbáyé fi ń to àwọn orílẹ̀-èdè lẹ́sẹẹsẹ nípa ìrọ̀rùn okòwò, ipò 169 ni Nàìjíríà wà nínú èyí tí wọ́n pè ní ti 2017. Ní oṣù keje ọdún 2016 ni Ààrẹ Buhari dá ìgbìmọ̀ ìmú-okòwò-rọrùn, PEBEC, sílẹ̀, Igbákejì Ààrẹ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò sì ni alága rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí Ọ̀ṣínbàjò ń delé fún Ààrẹ, ó fọwọ́ sí àṣẹ kan pé bí iléeṣẹ́ ìjọba kò bá dá ènìyàn lóhùn láàárín àkókò tí wọ́n dá, kí wọ́n ka ìdákẹ́ náà sí ìyọ̀ǹda. Lóṣù kan náà ni ó fọwọ́ sí òfin tí ó jẹ́ kí ènìyàn lè fi ohun tí ó ṣeé gbé kiri ṣe ìdógò láti yá owó. Kí òfin yìí tó dé, ilẹ̀ àti ilé ni báńkì sábà máa ń béèrè. Aránṣọ Láfíàjí kò ní ilẹ̀, ilé ẹbí kò sì ṣeé fi dógò, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ọ̀ràn òfin kọ́ńpínì gba àkókò ju èyí lọ. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kẹjọ gbà á wọlé ní 2018, kò sì di òfin. Ilé kẹsàn-án tún un gbé yẹ̀wò kí ó tó di òfin ní 2020. Àyípadà inú rẹ̀ kò kéré. Ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpínì aládàáni sílẹ̀. Kò di dandan mọ́ pé kí agbẹjọ́rò búra. Ẹni tí ó ń forúkọ sílẹ̀ lè fọwọ́ sí ìwé náà fúnra rẹ̀. Kọ́ńpínì kékeré, tí òwò rẹ̀ lọ́dún kò ju ₦120 mílíọ̀nù lọ, tí ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò sì ju ₦60 mílíọ̀nù lọ, kò ní láti gba akọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní láti sanwó fún olùyẹ̀wé-owó-wò. Ìforúkọsílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gba ipò ìrìnkèrindò láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì.

Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, ìjọba àpapọ̀ tún san owó ìforúkọsílẹ̀ fún orúkọ okòwò 250,000 káàkiri ilẹ̀ yìí. Ní 2023 ni òfin ìmú-okòwò-rọrùn wá tún oríṣiríṣi òfin ìṣáájú ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kí àṣẹ tí PEBEC ti ń tẹ̀lé lè ní ẹsẹ̀ òfin lábẹ́.

Nínú ìtò Báńkì Àgbáyé, Nàìjíríà ti dé ipò 131 nínú ìwé ti 2020. Ìlú méjì péré, Èkó àti Kánò, ni wọ́n fi ń wọn gbogbo Nàìjíríà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé orí Èkó ni púpọ̀ nínú ìyìn náà dá lé. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Báńkì náà fúnra rẹ̀ dá ìwé náà dúró nítorí pé àṣìṣe wà nínú ìṣirò àwọn ọdún kan. Kò tọ̀nà, nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni fi ipò nìkan ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti pọ̀ sí i.

6. Ibi tí òfin kò dé

Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 2017 rí i pé okòwò kékeré àti aláàárín tí ó wà ní Nàìjíríà lé ní 41 mílíọ̀nù. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó lé ní 99 tí ó jẹ́ èyí tí ó kéré jùlọ, irú èyí tí ẹnì kan tàbí mélòó kan ń ṣe. Níbí ni ìṣòro wà. Kọ́ńpínì ni òfin 2020 fọwọ́ bà jùlọ. Ọ̀pọ̀ jùlọ okòwò kì í ṣe kọ́ńpínì. Ẹni tí kò gba olùyẹ̀wé-owó rí kò jèrè nínú pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú gbígba ọ̀kan. Ohun tí ń dá a dúró ni owó tí oríṣiríṣi ènìyàn ń wá gbà ní ẹnu ọ̀nà, owó ilé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń béèrè fún ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, àti epo tí ń gbé jẹnẹrétọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè tún ṣe nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀.

Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì ni pé ìjọba kan lè máa ṣílẹ̀kùn kí òmíràn máa tì í. Oṣù keje ọdún 2016 tí ìjọba àpapọ̀ dá PEBEC sílẹ̀ ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun yóò mú òfin ọdún 2003 tí ó lòdì sí ọjà títà lójú títì ṣẹ gidigidi. Ìtanràn ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni ìjìyà rẹ̀, fún ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà. Ìjọba ní ìdí tirẹ̀, nítorí ọ̀nà tí ọjà bá dí kò ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí ń ta omi ní Ọbalénde, ìjọba kan náà ni gbogbo wọn. Òun kò mọ ti Àbújá yàtọ̀ sí ti Aláúsá.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ènìyàn sọ pé gbogbo ìdènà ni ó burú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó lulẹ̀ ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó kan náà yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Àwọn òfin tí ó ní kí wọ́n yẹ ilé wò, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ènìyàn gbé inú èyí tí ó ti dẹnu kọlẹ̀, jẹ́ ìdènà fún onílé. Ààbò ni wọ́n jẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Òfin tí ń dáàbò bo ẹ̀mí àti òfin tí kàn ń mú kí ìwé pọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá pè wọ́n ní orúkọ kan láti pa méjèèjì rẹ́ yóò da omi ìwẹ̀ ṣìnà.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí tọ̀ wá láti 1912 fi ohun mẹ́ta hàn. Àkọ́kọ́, òfin kì í dá iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe ni láti dín owó àti àkókò tí ènìyàn ń ná kù kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Òfin 2020 ṣe èyí, ìyìn sì tọ́ sí i. Èkejì, ìdẹ̀rùn tí ó dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò kékeré jùlọ nínú ìtàn Èkó, ti 1940 àti ti 1945, wá nítorí pé àwọn tí ọ̀ràn kàn fúnra wọn béèrè fún un, wọ́n sì mọ iye tí wọ́n ń béèrè. Nínú àwọn àtúnṣe ti 2016 sí 2023, ohùn agbẹjọ́rò, ti báńkì àti ti olùdókòwò ni ó ròkè jùlọ. Ohùn ọjà kò ròkè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, ibi tí iṣẹ́ ti ń bí iṣẹ́ ní Láfíàjí ni àárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, kò sì tíì sí òfin kan nínú gbogbo èyí tí a dárúkọ tí ó wo ibẹ̀ tààrà.

Bí àwọn aṣòfin bá tún fẹ́ ṣe òfin tí yóò mú iṣẹ́ pọ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àti ti ìyálọ́jà. Kí wọ́n kọ òfin náà ní èdè tí àwọn wọ̀nyí lè kà, tàbí tí ẹlòmíràn lè kà sí wọn létí. Kí àkójọ owó ìlú tí ó ti wà láti 1998 sì di ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo ọjà, kí ẹni tí ń sanwó lè mọ èyí tí ó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó gba òmìnira lónìí kò béèrè pé kí ìjọba wá bá òun ran aṣọ. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣeé rìn.